Àwòrán Ọjọ́ Ìrìbọmi

"Lọ wo ìta lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìgbà kẹta nìyí tí bàbá rẹ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Ọmọbìnrin náà dìde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ibi fèrèsé iwájú, ó sì fi ìka kan ṣí kọ́tìnì díẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú débi pé abẹ́ mọ́tò ni ajá àdúgbò wọ̀ lọ sùn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti ilẹ̀kùn, nítorí ní ìlú yẹn, bí aago kan bá ti lù, oníkálukú á lọ sinmi títí di aago mẹ́ta. Òpópónà dá páropáro, àfi ọkùnrin kan tó jókòó lórí àpótí lábẹ́ ìbòòji ògiri òdìkejì, tó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀.

"Kò sí ènìyàn, Bàbá. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń gba atẹ́gùn."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ilé wa ló kọjú sí?"

"Ọ̀nà ló kọjú sí, sà."

Kò wò ó dáadáa kó tó dáhùn. Ara rẹ̀ ti wà lọ́nà fún ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú balùwẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì wà lọ́nà, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran.

Ọdún méjì ni wọ́n ti dé ìlú náà. Ìjọ wọn nílé ló rán bàbá rẹ̀ wá wàásù ìyìn rere, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ sétí. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ bàbá mọ́ ni títún ẹ̀rọ omi ṣe. Ìyá rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù débi pé àwọn aboyún á máa tò láti ìdájí, wọ́n á ní "àjèjì yẹn" nìkan làwọn fẹ́. Àwọn òbí méjèèjì kò mọ èdè ìlú náà ju "ẹ kú àárọ̀" àti "èló ni" lọ. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló gbọ́ ọ tán láàárín oṣù mẹ́fà bí ẹni pé wọ́n bí i síbẹ̀. Òun ló ń bá bàbá túmọ̀ ọ̀rọ̀, òun ló ń bá ìyá ná ọjà. Nígbà tó yá, Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ilé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Òfin mẹ́ta ni bàbá fi lélẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Èkíní: ẹni tó bá ń wá bá wọn ka Bíbélì, a kì í dárúkọ rẹ̀, nínú ilé pàápàá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la ó máa fi pè é. Èkejì: a kì í ya àwòrán. Ẹ̀kẹta kan bàbá fúnra rẹ̀. Lẹ́tà tó ń kọ ránṣẹ́ sí ìjọ lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ oko nìkan ló ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbọ́, á kọ ọ́ pé "èèhù kan ti yọ." Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, á kọ ọ́ pé "ọ̀dá fẹ́ dá." Àwọn alàgbà nílé mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi gbàdúrà.

"Igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó," ni bàbá máa ń wí. "Àwa lè padà sílé bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Àwọn tó ń wá bá wa, ibí yìí nilé wọn."

Ògbufọ̀ gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé òfin máa ń rọrùn fún ẹni tí kò sí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn nílé ní gúrúùpù kan lórí fóònù. Adúmáadán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láti kíláàsì kìíní, ni gbajúmọ̀ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ka lẹ́tà bàbá ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fẹ̀ á ti kún orí fóònù Ògbufọ̀. "Àgbẹ̀ wa òkè òkun, báwo loko?" "Ọdún méjì, èèhù méjì! Ṣé àgbàdo lẹ gbìn ni àbí igi ìrókò?" Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń lo ìsinmi lọ́hùn-ún ni?" Adúmáadán fi àwòrán ẹ̀rín sí i nídìí. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dun Ògbufọ̀ dé egungun. Ọmọ tó ń rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń rí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ni wọ́n ń bi léèrè bóyá ó ń sinmi.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún lọ́jọ́ náà ni Aránṣọ. Ó wá sílé wọn nígbà kan láti wọn aṣọ iṣẹ́ ìyá Ògbufọ̀, ó gbọ́ orin tí ìyá ń kọ lábẹ́lẹ̀ nídìí ààrò, ó sì ní kí Ògbufọ̀ sọ fún òun ohun tí orin náà ń wí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó máa ń ṣa bọ́bìnnì òfìfo, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n ń wé òwú mọ́, jọ bí owó lábẹ́ máṣíìnì ìyá rẹ̀. Aránṣọ fẹ́ràn Ògbufọ̀ bí àbúrò. Á máa fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Àbúrò, ò ń sọ èdè wa bí ìyá àgbà!" Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gún abẹ́rẹ́ sí etí aṣọ lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bí ẹbí ọkọ mi bá gbọ́ pé mò ń wá síbí, wọn ò ní bi mí ní ìbéèrè. Ọmọ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé." Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní kí wọ́n dá ìrìbọmi náà dúró. Aránṣọ ló ní rárá, òun ti dúró tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìrìbọmi náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun ni. Ó gbé àpò aṣọ dání bí ẹni tó wá wọn ènìyàn.

Bàbá ti fi ayùn gé táǹkì omi aláwọ̀ búlúù kan sí méjì, ó sì ti fi sáńdípépà ha etí rẹ̀ dán kó má baà gé ènìyàn lára. Ìdajì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo balùwẹ̀ tán. Aránṣọ wọ inú omi, ó jókòó, ó wo ògiri, ó tún wo ìyá Ògbufọ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, sọ fún bàbá rẹ kó má rì mí pa o. Aṣọ ìyàwó ọlọ́jà wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì parí ẹ̀." Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, bàbá rẹ̀ pàápàá sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn ẹ̀rù ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni Ògbufọ̀ dúró sí, ó gbé aṣọ ìnura dání. Bàbá ri obìnrin náà bọmi, ó sì gbé e dìde. Omi ń dà lórí rẹ̀, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sókè, kò pariwo nítorí kò gbọdọ̀ pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. Ìyá Ògbufọ̀ ti ń sunkún. Láti ọdún méjì, Ògbufọ̀ kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yọ ọ́.

Ẹyọ kan péré ló yà. Ẹ̀yìn obìnrin náà ló hàn, orí rẹ̀ tó tutù, omi, ògiri, àti apá méjì lókè. Ojú rẹ̀ kò hàn rárá. Kò sẹ́ni tó rí Ògbufọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi àwòrán náà pamọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ka lẹ́tà bàbá nílé: "Èèhù kẹta ti yọ, ẹ bá wa dúpẹ́." Kò pẹ́ tí ẹ̀fẹ̀ dé. "Ẹ káàbọ̀ o, èèhù kẹta! Ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ óò ní oko." Ògbufọ̀ ń wo fóònù, etí rẹ̀ ń gbóná. Kò fi í sórí gúrúùpù o, ó gbọ́n ju ìyẹn lọ, lójú ara rẹ̀. Adúmáadán nìkan ló fi í ránṣẹ́ sí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Èèhù kẹta rèé. Má fi han ẹnikẹ́ni."

Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ń sọ "má fi han ẹnikẹ́ni" ti fi han ẹnì kan ná.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, àwòrán náà ti wà lórí gúrúùpù. Nígbà tó di ọ̀sán, adarí àwọn ọ̀dọ́ ti gbé e sójú ewé ìjọ lórí ayélujára, ó sì kọ orúkọ orílẹ̀-èdè náà gàdàgbà sí i lórí. Ọ̀rọ̀ ìyìn ń wọlé bí òjò. "A tọrọ àforíjì, Àgbẹ̀!" "Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwa là ń ṣeré." Adúmáadán kọ ọ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn!" Àyà Ògbufọ̀ kọ́kọ́ já, ṣùgbọ́n oyin ìyìn náà ti kan ètè. Ó bi ara rẹ̀ pé, ṣebí ojú ò hàn? Ta ló máa mọ ẹ̀yìn orí? Ó jẹ oyin náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Aránṣọ kò wá ka Bíbélì bó ṣe máa ń wá. Wọ́n dúró títí aago mẹ́ta fi lù, tíì fi tutù nínú ife, kò wá.

"Bóyá iṣẹ́ pọ̀ fún un," ni ìyá wí.

Bàbá dìde. Ó lọ sí ibi fèrèsé fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin orí àpótí wà níbẹ̀. Ó ti di méjì báyìí, wọn kò sì fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara mọ́. Ilé náà gan-an ni wọ́n kọjú sí.

Láti ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ inú ilé yí padà. Ìyá lọ síbi iṣẹ́, ó bá bẹ́ǹṣì iwájú yàrá rẹ̀ lófìfo. Àwọn aboyún tó máa ń tò láti ìdájí ti lọ tò níwájú yàrá agbẹ̀bí kejì, wọn kò sì gbójú sókè kí i. Bàbá onílé, arúgbó tó máa ń jókòó mu tíì lọ́dọ̀ wọn títí ẹnu á fi rẹ̀ ẹ́, dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ láti ìrìn àjò, yóò nílò yàrá. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bàbá onílé kò bímọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ kejì, Ògbufọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ kọjá. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ṣí. Tirẹ̀ nìkan ló wà ní títì, àgádágodo tuntun sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ojú mọ́ gíláàsì. Máṣíìnì wà níbẹ̀, aṣọ kan ṣì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ máṣíìnì, bọ́bìnnì òfìfo fọ́n káàkiri ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ kúrò nídìí eré rẹ̀ lójijì. Ògbufọ̀ kúrò lẹ́nu gíláàsì náà. Ó mọ̀. Kò tíì mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Ó kọ̀wé sí Adúmáadán lójú ọ̀nà. "Jọ̀ọ́, yọ àwòrán yẹn. Báyìí. Bẹ̀ wọ́n, kí gbogbo wọn yọ ọ́."

Èsì dé lójú ẹsẹ̀. "A ti ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti pín in lọ o. Mo rí i lójú ewé ibòmíràn tí mi ò mọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwòrán náà kò yàtọ̀. Ògbufọ̀ pa tirẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, ó délé, ó gbá ilẹ̀, ó sì fọ abọ́. Ìgbà méjì ló dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn òbí rẹ̀ tó sì padà. Ó ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ pé àwòrán náà ni, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé àdúrà tí òun ń gbà yẹn, irọ́ ló jẹ́.

Ìwé ìpè dé lọ́jọ́ kẹta. Kí ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe wá sí ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó sì mú ògbufọ̀ tirẹ̀ wá.

Ọ̀gá tó jókòó nídìí tábìlì níbẹ̀ kò pariwo mọ́ wọn. Ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó bu omi fún wọn sínú ife méjì, ó béèrè bóyá fáànù ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló yọ bébà kan láti inú fáìlì, ó sì yí i kọjú sí wọn. Àwòrán náà ni. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tóbi gan-an.

"Bi bàbá rẹ bóyá ó mọ obìnrin yìí."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ létí ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Ó rí táǹkì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé. Ó rí ògiri balùwẹ̀ rẹ̀.

"Sọ fún wọn pé ẹni tó bá wọ ilé mi, àlejò mi ni. Èmi kì í dárúkọ àlejò mi fún ẹnikẹ́ni."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò nílò kó dárúkọ rẹ̀." Ó na ìka sí apá ọ̀tún tó wà lókè nínú àwòrán náà, ní ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Àpá kan wà níbẹ̀ tó rí ṣóńṣó bí imú áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù ló jó Aránṣọ níbẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. "Apá tó máa ń fi téèpù yí àwọn obìnrin ìlú yìí lọ́rùn nìyí. Ìyàwó mi ti wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ìbátan wa kan tó ń gbé lókè òkun fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sílé, kò gba ìyàwó mi ní ìṣẹ́jú kan kó tó dá apá náà mọ̀."

Ògbufọ̀ wo apá náà. Ó ti rí àpá yẹn ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ojú ló ń ṣọ́ tó fi ya àwòrán, kò rántí pé aránṣọ kì í fi ojú ṣiṣẹ́ nìkan, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìlú mọ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mi ò mọ̀," ni ọ̀gá náà wí. "Ta ló ya àwòrán yìí?"

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Kí ni wọ́n wí?"

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tó gbọ́ èdè méjèèjì. Ohun tó bá sọ fún bàbá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ yóò gbà. Ohun tó bá sọ fún ọ̀gá náà ni yóò kọ sílẹ̀. Ó lè sọ fún bàbá pé wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n dé ìlú. Ó lè sọ fún ọ̀gá pé Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yà á. Irọ́ náà ti wà ní orí ahọ́n rẹ̀, ó rọrùn, ó sì ń dán. Lẹ́yìn náà ló rántí bọ́bìnnì òfìfo tó fọ́n ká sórí ilẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ń béèrè ẹni tó ya àwòrán náà." Omi ti dí i lójú. "Èmi ni, sà. Èmi ni mo yà á, èmi ni mo fi ránṣẹ́ sílé."

Ó yíjú sí ọ̀gá náà, ó sì tún un sọ ní èdè tirẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò wò ó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ tó kún fún àmì girísì ẹ̀rọ omi. Ìbá sàn kó gbá a létí.

"O ṣeun tó o sọ òtítọ́," ni ọ̀gá náà wí, ó sì pa fáìlì dé. "Sọ fún bàbá rẹ pé ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi ìlú yìí sílẹ̀. Ní ti obìnrin náà, ẹbí ọkọ rẹ̀ ti wá gbé ọmọ lọ láti ọjọ́ Ajé. Ìyẹn ò kàn wá. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Ògbufọ̀ ní láti túmọ̀ ìyẹn náà. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n délé, wọ́n ń di ẹrù. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ibùsùn, ó ń ka orúkọ àwọn aboyún sínú ara rẹ̀, àwọn tí ìkúnlẹ̀ wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. "Èyí tó lóyún ìbejì yẹn, ta ló máa bá a yí èyí àkọ́kọ́ tó dábùú?" Ó béèrè lọ́wọ́ ògiri. Ògbufọ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni bàbá wí. "Ìbá jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwa ni, ìbá sàn. Dìde, lọ bá ìyá rẹ di abọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, lákòókò ìsinmi, wọ́n kan géètì iwájú. Aránṣọ ni. Àwọn ọkùnrin orí àpótí ń wò ó, kò sì fi ojú pamọ́ fún wọn. Kí ló tún fẹ́ fi pamọ́? Ó ti rù ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun á dúró. Ògbufọ̀ bọ́ sórí eékún.

"Dìde, Àbúrò."

Kò dìde. "Èmi ni, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́ pé ìwọ ni." Ó ń wò ó láti òkè. "Àwọn ará ilé yín tó rí i, kí ni wọ́n sọ?"

Kò sí ìbéèrè tó lè dun Ògbufọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Wọ́n ní ó wú àwọn lórí, mà."

Aránṣọ mi orí. "Ó wú èmi náà lórí. Mo ti ń ṣètò bí màá ṣe sọ ọ́ fún ọmọ mi. Mo ní kó pé ọdún mẹ́wàá ná, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Mo máa mú un jókòó, mo máa fún un ní nǹkan tó fẹ́ràn, mo máa sọ ọ́ fún un láti ẹnu mi. Ìyá ọkọ mi ló ti sọ ọ́ fún un báyìí. Mi ò mọ ohun tó sọ. Wọn ò jẹ́ kí n rí i. Ọ̀rọ̀ mi ni, Àbúrò. Èmi ni mo ni ín."

Ògbufọ̀ bú sẹ́kún.

"Mo ti dárí jì ọ́. Mo dárí jì ọ́ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó tún dùn mí, mo tún dárí jì ọ́. Bóyá bí màá ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn."

Bàbá ní kí Ògbufọ̀ bi í bóyá yóò bá wọn lọ, pé wọ́n á wá ọ̀nà. Aránṣọ kò jẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀ tán. "Ìlú tí ọmọ mi bá wà ni màá wà." Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ ìyá Ògbufọ̀ mú, ó di ojú, ó sì gbàdúrà ní èdè rẹ̀, àdúrà àkọ́kọ́ tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gbà níwájú wọn. Bàbá ń wo Ògbufọ̀ pé kó túmọ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, kò lè túmọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n padà dé ilé, adarí àwọn ọ̀dọ́ ní kí Ògbufọ̀ wá sọ ìrírí rẹ̀ fún wọn. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń lọ síwájú, Adúmáadán sì ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ògbufọ̀ dúró títí àtẹ́wọ́ náà fi rọlẹ̀.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún àwòrán kan tí mo fi ránṣẹ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ iye tó náni fún yín. Àwọn aboyún ìlú kan pàdánù agbẹ̀bí wọn. Bàbá mi pàdánù iṣẹ́ tó fi ọdún méjì ṣe. Obìnrin kan pàdánù ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀fẹ̀ yín dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹ yìn mí. Ohun tí mo fi ra ìyìn yín kì í ṣe tèmi."

Adúmáadán ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bí ẹnì kan bá fi àṣírí rẹ̀ pamọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi wá òkìkí. Bó bá dára títí, bó bá wú yín lórí títí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹ sì má ṣe fi ọ̀rọ̀ ta ọ̀rẹ́ yín títí yóò fi ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn, mi ò sì kọ́ ọ ní ọ̀fẹ́."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, lẹ́tà kan dé láti ìlú náà nípasẹ̀ ẹnì kan tí ó ń rìnrìn àjò. Ìlà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, Ògbufọ̀ ló sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀. Aránṣọ kí wọn. Ọmọ náà kò tíì padà wálé.